Ẹ, Ọ, Ṣ Ò Ṣẹ Ẹnikẹ́ni: Bí A Ṣe Ń Wá Ààmì Kíákíá Nínú Java

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Kútọ̀ sí Pánṣẹ́kẹ́, tí ẹ ki íàpíìsì bọ etí, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró de ojú-ewé yìí kí ẹ kà á, nítorí pé dátà ò tó fún ohùn, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù.

A ò ní àlejò lónìí. Èmi nìkan ni. Mo fẹ́ mú yín wọ ẹ̀yìnkùlé wa, kí ẹ rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a sọ kó tó di ohun tí ẹ ń kà lórí fóònù. Kóòdù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ kóòdù rí náà máa bá nǹkan níbẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà.

Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí a fi Java kọ. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ la máa ń fún un, nǹkan méjì ló sì máa ń fún wa padà: ojú-ewé fún búlọ́ọ̀gì, àti fáìlì RSS. RSS yẹn ni áàpù inú fóònù yín ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá a ti gbé nǹkan tuntun jáde. XML ni wọ́n fi kọ ọ́, XML sì le bí olùkọ́ ayé àtijọ́. Àwọn ààmì kan wà tí ó fi ń pàṣẹ fúnra rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a pe àkọlé kan ní "Àdìrẹ & Owó: Ọjọ́ Kan n'Ítòkú". Bí a bá gbé & yẹn wọ inú RSS bó ṣe wà, XML á rò pé àṣẹ kan ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní rí àṣẹ, òfìfo ló máa bá níbẹ̀. Kò wá ní sọ pé "ó dáa, mo máa fo ìyẹn." Gbogbo fáìlì náà ló máa kọ̀. Inú fáìlì kan ṣoṣo yẹn sì ni gbogbo ètò wa látẹ̀yìn wá wà. Ààmì kan, ilé ti wó nìyẹn.

Nítorí náà, a máa ń fi nǹkan mìíràn rọ́pò ààmì bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọlé. Àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè é ní escape. `&` á di `&amp;`, `<` á di `&lt;`, `>` á di `&gt;`, `"` á di `&quot;`, ààmì ìgékúrú `'` á sì di `&#39;`. Márùn-ún péré. Ẹ sì má fojú kéré ẹni ìkẹyìn yẹn, nítorí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwa Yorùbá. Ẹni tó bá ń kọ "n'ílé", "l'Ábẹ́òkúta", "t'ó bá jẹ́ pé", ààmì yẹn ló ń fọ́n káàkiri. Bí HTML bá fi ààmì kan náà pààlà, àárín ọ̀rọ̀ yín ló máa parí sí.

Báwo la ṣe máa rọ́pò wọn? Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ènìyàn ni kó so `replace` márùn-ún pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀: Java á ka gbogbo ọ̀rọ̀ láti òkè délẹ̀ nítorí `&`, á tún padà sókè wá ka gbogbo rẹ̀ nítorí `<`, títí dé ìgbà karùn-ún. Nígbàkígbà tó bá rí ohun tó ń wá, yóò kọ ẹ̀dà tuntun, nítorí pé String inú Java kì í ṣe é tún ṣe lójú kan. Ó tún ní ìdẹkùn: `&` gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ti sọ `<` di `&lt;` tán kí ẹ tó débi `&`, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ náà á di `&amp;lt;`, `&lt;` gan-an ni òǹkàwé á sì máa wò lójú ìwé. Ẹ ti rí i lórí ìkànnì àwọn èèyàn, àbí? Ohun tó ń bí i nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni máàpù. Kì í ṣe Google Maps o. Máàpù inú Java dà bí ìwé olórúkọ: ẹ fún un ní ààmì kan, ó fún yín ní ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀. `HashMap<Character, String>`. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ka ọ̀rọ̀, ààmì kọ̀ọ̀kan lẹ máa béèrè lọ́wọ́ máàpù: "Ṣé ẹ mọ eléyìí?" Ìdẹkùn ti `&` ti kúrò níbẹ̀, ìyẹn sì ti dára gan-an.

Ṣùgbọ́n bi ara yín léèrè: nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yìí, lẹ́tà mélòó ló jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn? Díẹ̀ báyìí. Ìyẹn ni pé "Mi ò mọ̀ ọ́n" ni máàpù máa fi dá a yín lóhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo, ẹ sì ń sanwó fún "mi ò mọ̀ ọ́n" kọ̀ọ̀kan. Owó wo? `char` inú Java kò lè wọ máàpù lásán. Java gbọ́dọ̀ kó o sínú àpótí kan tó ń jẹ́ `Character`. Láti 0 dé 127, ó ti ní àpótí nílẹ̀ tó ń tún lò. Lẹ́tà tó bá ti kọjá 127, ó lè máa kan àpótí tuntun nígbàkígbà tí ẹ bá béèrè. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣírò hash rẹ̀, yóò wá ihò tó yẹ, yóò wo ohun tó wà níbẹ̀. Àti `ẹ`, àti `ọ`, àti `ṣ`, gbogbo wọn ló kọjá 127. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ń sanwó ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ níbẹ̀, kìkì láti gbọ́ "mi ò mọ̀ ọ́n".

Níbi tí mo dé yìí, Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ló fún mi ní àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1859, Henry Townsend ti ìjọ CMS bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn níbí. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà. Lẹ́tà olójé máa wà nínú àpótí pẹrẹsẹ kan tó ní ihò púpọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀. Ẹni tó ń tò ó kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ wà lórí ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ihò. Àwọn lẹ́tà tí a ń lò jù ló sún mọ́ ọwọ́ jù, àwọn tí a kì í lò wà ní igun. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpò kí wọ́n tó wá ihò rẹ̀, wọ́n á ní kó padà sílé.

Ohun tí a ń pè ní array nìyẹn. Nọ́ḿbà ni lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà: `&` jẹ́ 38, `<` jẹ́ 60. Ẹ ṣe tábìlì oníhò 128, ẹ fi `&amp;` sínú ihò kejìdínlógójì, kí ẹ máa tọ́ka síbẹ̀ tààrà. Kò sí àpótí, kò sí hash. Lẹ́tà tó bá sì ti kọjá 127, ẹ ò tiẹ̀ nílò láti wo tábìlì rárá.

Mo fi èyí tí a ń lò sí ìsàlẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tó ń kà á. Ẹ̀yin tó ń gbọ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, ó ń bọ̀ wá parí.

```
private static final String[] TABILI = new String[128];
static {
    TABILI['&']  = "&amp;";
    TABILI['<']  = "&lt;";
    TABILI['>']  = "&gt;";
    TABILI['"']  = "&quot;";
    TABILI['\''] = "&#39;";
}

static String ropo(String oro) {
    StringBuilder tuntun = null;
    int ibere = 0;
    for (int i = 0; i < oro.length(); i++) {
        char c = oro.charAt(i);
        String r = c < 128 ? TABILI[c] : null;
        if (r == null) continue;
        if (tuntun == null)
            tuntun = new StringBuilder(oro.length() + 16);
        tuntun.append(oro, ibere, i).append(r);
        ibere = i + 1;
    }
    if (tuntun == null) return oro;
    return tuntun.append(oro, ibere, oro.length()).toString();
}
```

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni `return oro` yẹn. Bí kò bá sí ààmì kankan láti rọ́pò, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá gan-an ló máa dá padà fún yín. Kò kọ ẹ̀dà, kò fi ìrántí kọ̀ǹpútà ṣòfò. Púpọ̀ nínú àkọlé wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ tún lè fi `switch` ṣe é. Fún ààmì márùn-ún, `switch` dára púpọ̀, ó sì rọrùn kà. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síbí: bó bá jẹ́ ojú-ewé kan lójúmọ́ lẹ ń ṣe, HashMap àti array ò ní yàtọ̀ lójú yín. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, méjèèjì ti parí. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná ni sáfà tó ń rọ́pò ààmì fún gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú-ewé, lẹ́ẹ̀kan náà, láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ má gbà mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu náà o. Ohun èlò kan wà tó ń jẹ́ JMH, àwọn tó ń ṣe Java fúnra wọn ló ṣe é, òun lẹ fi ń wọn irú nǹkan báyìí. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, kì í ṣe lórí "hello world".

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kọ tiyín dandan. Guava ti Google ní `HtmlEscapers`, array ni wọ́n gbé e lé. Apache Commons Text náà ní tirẹ̀, èyí tó wù mí láti yẹ̀ wò: HashMap ló ń lò, ṣùgbọ́n wọ́n fi BitSet kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́tà tí kò bá sí lórúkọ lọ́dọ̀ BitSet ò ní dé ọ̀dọ̀ máàpù rárá. Àwọn náà rí i pé "mi ò mọ̀ ọ́n" ló ń gba owó.

Ó yá, ibi tí inú ti ń bí mi nìyí.

A gba kóòdù kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti bá àwọn míì ṣiṣẹ́, máàpù ńlá ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣí i, mo bá `ẹ`, mo bá `ọ`, mo bá `ṣ` níbẹ̀, pẹ̀lú `<` àti `&`. Ó ti sọ `ẹ` di `&#7865;`, `ọ` di `&#7885;`, `ṣ` di `&#7779;`. Ó ní ààmì pàtàkì ni wọ́n, kí XML má baà ṣì wọ́n gbọ́. Mo bi í pé kí ni `ẹ` fi ṣe XML? Kò pàṣẹ fún un. Kò pààlà kankan. Lẹ́tà lásán ni, bíi `b`.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí dátà yín ló wà ńbẹ̀. Nínú UTF-8, `ẹ` jẹ́ báìtì 3. `&#7865;` jẹ́ báìtì 7. `ẹ́` tó ní àmì òkè lórí jẹ́ báìtì 5. Bí ẹ bá sọ ọ́ di nọ́ḿbà, `&#7865;&#769;`, ó di 13. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ wa tó jẹ́ pé orí ọ̀pọ̀ fáwẹ̀lì ni àmì ń gùn. Ẹni tó ń ra dátà ní ìwọ̀nba ló máa san ìyẹn, láìgba nǹkan kan dípò rẹ̀.

Máàpù yẹn ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. `ẹ́` kì í ṣe `char` kan nínú Java. Unicode ò fún un ní nọ́ḿbà tirẹ̀. `ẹ` ní tirẹ̀, àmì òkè ní tirẹ̀, wọ́n wá so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti kọ `ẹ́` kan náà: ẹ lè kọ́kọ́ kọ `ẹ` kí ẹ gbé àmì lé e, ẹ lè kọ `é` kí ẹ fi ìdí sí i, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí `e` gbẹrẹfu, kí ìdí ṣáájú àmì tàbí kí àmì ṣáájú ìdí. Lójú èèyàn, ọ̀kan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú HashMap, àjèjì ni wọ́n síra wọn.

Ẹ gbé "Abẹ́òkúta" wò. Lẹ́tà mẹ́jọ lẹ rí. Bí kíbọọ̀dù yín bá so ó pọ̀ tó bó ṣe yẹ, Java á ka `char` 9. Bí ó bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á ka 12. Ẹ fi `equals` wé méjèèjì, ó ní rárá, ìlú méjì ni. Olùgbọ́ wa kan lè wá "Abẹ́òkúta" nínú àpótí ìwárí wa láti orí fóònù rẹ̀, kó má rí nǹkankan, bẹ́ẹ̀ ètò tó ń wá wà níwájú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: `Normalizer.normalize(oro, Normalizer.Form.NFC)`, ó ti wà látìgbà Java 6. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ tó wọlé, kí ẹ sì ṣe é fún ohun tí olùgbọ́ tẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè sọ̀rọ̀ máàpù.

"Ẹ̀gbá" ńkọ́? Java ní `char` 5. Èèyàn rí lẹ́tà mẹ́rin. Olùkọ́ Yorùbá mi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ní mẹ́ta ni, nítorí `gb` lẹ́tà kan ni. Mi ò mọ ẹni tí Java máa bá jiyàn nínú wọn, àmọ́ mo mọ ẹni tí mo máa gbè lẹ́yìn.

Ibì kan wà tí a ti nílò láti rọ́pò lẹ́tà Yorùbá lóòótọ́: orúkọ fáìlì ohùn. A fẹ́ kí `ẹ` di `e`, kí `ṣ` di `s`, kí líǹkì má baà gùn bí ejò nígbà tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé array náà la máa lò? Ẹ wò ó. `Ṣ` ńlá wà ní 7778, `ọ` kékeré wà ní 7885. Láti ibẹ̀ dé ibẹ̀, ihò 108 ni, lẹ́tà wa 6 péré ló máa jókòó sínú rẹ̀. Àga ìnáwó 108, àlejò mẹ́fà. Níbẹ̀, `switch` ni mo lò, mi ò sì kábàámọ̀. Àwọn ààmì ohùn lórí fáwẹ̀lì, a jẹ́ kí Normalizer tú wọn sílẹ̀, a sì gbá wọn dànù. Ọ̀rọ̀ orúkọ fáìlì nìkan nìyẹn o. Àkọlé tí ẹ ń kà, àmì rẹ̀ pé.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí á sọ fún yín pé ìdí wà tí wọ́n fi ń kó `ẹ` sínú máàpù tẹ́lẹ̀, òótọ́ sì ni. Kí Java 9 tó dé ní 2017, fáìlì `.properties` tí a ń kó ọ̀rọ̀ èdè sí kì í gbà ju ISO-8859-1 lọ, `\u1EB9` lẹ máa kọ síbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ `ẹ`. Títí di Java 18 ní 2022, ẹ̀rọ tí ètò wà lórí rẹ̀ ló ń pinnu irú kíkọ tí Java máa lò bí ẹ ò bá sọ. Ní báyìí, UTF-8 ni. Ìdí yẹn ti lọ, àṣà rẹ̀ ló kù.

Ohun tó jẹ́ kí n máa gbé ọ̀rọ̀ yìí gbóná ni orúkọ. Ẹ sọ fún Java kó kọ "Ṣọlá" sí ISO-8859-1, kò ní pariwo, kò ní dá iṣẹ́ dúró. Ó máa kọ `??lá`. `ṣ` di ààmì ìbéèrè, `ọ` náà di ààmì ìbéèrè, ààmì ìbéèrè kan náà. Kò sí máàpù tó lè dá a padà, yálà HashMap tàbí array, nítorí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ti kúrò nínú fáìlì. Ilé-iṣẹ́ kan ti tẹ orúkọ mi báyẹn sórí káàdì rí. Mo lọ bá wọn, obìnrin tó wà lórí kántà wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ wa ò mọ Yorùbá." Ó tún mi tẹ̀ láìní ìdí kankan. Káàdì yẹn ṣì wà lápò mi, orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀.

A ti yọ `ẹ`, `ọ`, `ṣ` kúrò nínú máàpù yẹn, ó ku ààmì márùn-ún tí XML ń fẹ́. Bí ẹ bá rí ààmì ìbéèrè láàárín orúkọ ẹnikẹ́ni lójú-ewé wa, tàbí àpótí kékeré kan tó ṣófo, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ irú fóònù tí ẹ ń lò àti kíbọọ̀dù tó wà lórí rẹ̀. Ó dìgbà o.